Aṣọ Pupa Nídìí Káàdì

Ẹjọ́ kan gun ọmọlanke dé ààfin lánàá. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ̀wé níwájú Baálẹ̀. Mo ti rí ẹjọ́ tó fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, mo ti rí èyí tí wọ́n wọ́ wọlé, ṣùgbọ́n èyí tó jókòó sórí ọmọlanke, tí wọ́n da aṣọ ìbora funfun bò láti orí dé ìdí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣí fìlà. Obìnrin kan tó wá pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ ààfin ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó kú.

Kí ẹ má bàa rò pé ààfin wa jẹ́ nǹkan bàbàrà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Pálọ̀ kan ni, ó ní àga oníke méjìlá, fáànù òkè kan tó ń kígbe ju bó ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn lọ, tẹlifíṣọ̀n ńlá Baálẹ̀ lára ògiri, àti tábìlì èmi akọ̀wé, tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú tí mo fi ìwé ẹjọ́ àtijọ́ tì í. Baálẹ̀ ló máa ń jókòó láàárín. Ìyá Agbẹ̀bí ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí ìlàjì àdúgbò yìí kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí àgbà kankan níbẹ̀ tó lè pariwo mọ́ ọn, torí òun ló kọ́kọ́ gbá wọn nídìí láyé. Àwọn ìgbìmọ̀ tó kù máa ń gbà pẹ̀lú ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí náà mi ò ní fi tiwọn dà yín láàmú.

Jẹ́jẹ́ lẹni tó ń ti ọmọlanke ọ̀hún. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mọ́kànlélógójì, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni rí i kó sáré. Ó kọ “Ohun A Fẹ̀sọ̀ Mú” síwájú ọkọ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere sì máa ń yà á sílẹ̀ bó bá ń gòkè. Lánàá náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀, torí ìbàdí ń dùn ún, ọmọlanke yẹn ló sì fi ṣe ọ̀pá.

“Ta ló kú?” Baálẹ̀ bèèrè. Ó ti ń fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

“Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baba. Kọ̀ǹpútà mi ni. Káfíńtà ló pa á.”

“Káfíńtà?”

“Ayùn ló fi pa á, Baba.”

Obìnrin tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà nu ojú rẹ̀, ó pòṣé, ó gbé omi rẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ ní kí Jẹ́jẹ́ jókòó kó rojọ́. Ó jókòó, ó rojọ́, ó sì rò ó bó ṣe ń wakọ̀, débi pé mo ráyè gbẹ́ gègé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n gé e kúrú fún yín. Ọdún méjì sẹ́yìn ni dókítà sọ fún un pé ìbàdí rẹ̀ kò lè wa ọkọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ilé ló ń jókòó sí tó ń bá ọkọ̀ tó ń kọjá jà: èyí sáré jù, èyí kò tan iná, èyí kó ẹrù jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìlú mìíràn rí i pé bàbá òun yóò fi ìbínú kú. Ló bá ṣa ègé kọ̀ǹpútà àlòkù jọ, ó tò wọ́n pọ̀, ó fi géèmù ọkọ̀ akẹ́rù sí i. Èèyàn á di sítíárìn mú, wọ́n á fún un ní ẹrù àti ìwé ẹrù, á máa lọ láti ìlú dé ìlú lójú tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀ á ṣú, òjò á rọ̀. Káfíńtà, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, yọ àga awakọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ àtijọ́ Jẹ́jẹ́, ó kan ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, ó gbé e sí pálọ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ ti máa ń wọ bàtà láàárọ̀ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó di oṣù tó kọjá, wọ́n gbé ẹrù kan fún un nínú géèmù náà: gíláàsì fèrèsé, tí yóò kó lọ sí ilé ìwòsàn kan lórí òkè gíga, nínú òjò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dé ìsàlẹ̀ òkè, àwòrán a máa ta gìrì. Ọkọ̀ wà níbí, ó fò, ó ti wà lọ́hùn-ún. Òjò kò rọ̀ mọ́, ìdì-ìdì ló ń já bọ́. Ọmọ rẹ̀ sọ lórí fóònù pé bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà ló ti wá, agbára tó fi ń ya àwòrán kò lè gbé òkè yẹn. Àfi kó wá káàdì àwòrán, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ya àwòrán lọ, kó fi í bọ inú ihò tó wà lára bọ́ọ̀dù náà.

Jẹ́jẹ́ lọ, ó rí káàdì àlòkù kan tó gùn bíi bàtà ọlọ́pàá, ó rà á. Kò wo ihò náà kó tó lọ. Ihò tó wà lára bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú ẹjọ́ yìí nìyẹn, tirẹ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ó sáré kọjá lórí rẹ̀ nígbà tó ń rojọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó sáré nìyẹn.

“Mo gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà,” ó ní, “ó ní kò lè wọ̀ ọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Káfíńtà, mo ní kó bá mi wo ohun tó lè ṣe. Wíwò ni mo ní kó wò ó, Baba. Ayùn ló mú.”

“Kí lo wá fẹ́ ká ṣe fún un?”

“Ẹ gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kó wá bọ́ọ̀dù mìíràn fún mi. Kó má sì pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́ láéláé.”

Ó tún sọ pé òun ti fi ọmọlanke kan náà ti àga awakọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, kí òun má bàa rí nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe nínú ilé òun. Ohùn rẹ̀ yí padà níbẹ̀. Baálẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n pe Káfíńtà. Ó wọlé pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì létí àti ìdọ̀tí pákó lórí irùngbọ̀n, ó kí gbogbo ilé, ó kí Jẹ́jẹ́ náà. Jẹ́jẹ́ ń wo fáànù òkè.

“Káfíńtà, ṣé lóòótọ́ lo fi ayùn gé kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ?”

“Rárá o, Baba. Mi ò gé kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ìdí ihò ni.”

“Kí lo fi ṣí i?”

“Ayùn.”

“Ìyẹn kì í ṣe gígé?”

“Baba, nígbà tí wọ́n fá orí yín, ṣé wọ́n gé e ni?”

Baálẹ̀ fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ilẹ̀ kí wọ́n má bàa rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú inú dídùn, mi ò ní parọ́ fún yín.

“Ṣàlàyé ara rẹ kí n tó bínú,” Baálẹ̀ sọ.

“Ẹ bi Jẹ́jẹ́ léèrè, Baba. Nígbà tó fẹ́ kó òpó iná tó gùn ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ta ló pè? Èmi ni. Ṣé mo gé òpó ìjọba ni? Ṣé mo ní kó lọ wá ọkọ̀ mìíràn ni? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo yọ, orí òpó wà nínú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ yọ síta, a so aṣọ pupa mọ́ ọn, ó lọ, ó bọ̀. Ọ̀rọ̀ káàdì yìí kò yàtọ̀. Ògiri kékeré kan ló wà ní ìparí ihò yẹn, ike lásán ni, mo wò ó tinú tẹ̀yìn, kò sí wáyà kankan nínú rẹ̀. Ògiri yẹn ni mo yọ. Iwájú káàdì wọlé, ìdí rẹ̀ yọ síta.”

“O wá ṣe kí ni?”

“Mo so aṣọ pupa mọ́ ọn.”

Baálẹ̀ ní kí wọ́n ṣí aṣọ ìbora náà. Wọ́n ṣí i, wọ́n yọ ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́ ni. Káàdì náà jókòó sínú ihò kékeré, ìdajì rẹ̀ wà nílé, ìdajì wà níta, ègé aṣọ pupa kan sì rọ̀ nídìí rẹ̀, tí wọ́n so dáadáa ní ìdè awakọ̀.

“Aṣọ pupa yìí,” Baálẹ̀ bèèrè, “ta ló fẹ́ fi orí ọkọ̀ gbá a nínú àpótí?”

“Òfin ni òfin, Baba. Ẹrù tó bá yọ síta, kí wọ́n fi aṣọ pupa sí i. Òfin kò sọ pé àfi tó bá wà ní títì.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, ìyẹn Ẹnjiníà, tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe níkọ́ọ̀nù. Ó wọlé pẹ̀lú gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ihò gígùn tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ fẹ́ dà bí títì tó fi ọ̀nà mẹ́rìndínlógún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ihò kúkúrú yìí kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Ó ní kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan láyé tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn láti gbé ayùn sún mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó ní bí ayùn ti kan bọ́ọ̀dù yẹn báyìí ló ti kú.

“O yẹ̀ ẹ́ wò?” Baálẹ̀ bèèrè.

“Kò nílò àyẹ̀wò, Baba. Mo rí aṣọ pupa.”

“Níbo lo dúró tó o ti rí i?”

“Lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ẹ̀gbẹ́ àpótí ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

“O ò wọlé?”

“Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, Baba. Mi ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́.”

“A ò jẹun lọ́jọ́ náà,” Jẹ́jẹ́ sọ.

“Wọ́n fẹ́ jẹun,” Ẹnjiníà sọ. Ó fa gíláàsì orí rẹ̀ wá sí ojú, ojú rẹ̀ sì ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìyàwó Jẹ́jẹ́, aránṣọ ni, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe da ara wọn láàmú, nǹkan náà ti kú, kò sì tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rí láti ìgbà tí káàdì ti wọ inú rẹ̀. Ó ní ohun tó bá ti lọ, ká jẹ́ kó máa lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù tó pọ̀ jù, ìyẹn sì fu mí lára.

“Ìyàwó wa,” Káfíńtà sọ, “mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.”

“Ẹ bèèrè.”

“Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ náà, ta ló pè mí lórí fóònù pé, ‘Káfíńtà, ẹ wá wo ọkọ mi, ó ti gun òkè dé ìdajì, òjò náà ń kán díẹ̀díẹ̀ bí òjò Ọlọ́run’?”

Ó ká okùn ìwọ̀n mọ́ ìka rẹ̀.

“Èmi ni,” ó sọ.

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò ṣiṣẹ́ rí,” Baálẹ̀ sọ.

“Ìrọ̀lẹ́ ẹyọ kan péré ni, Baba. Ohun tó ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan tó dákẹ́ láàárọ̀, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?”

“Tẹlifíṣọ̀n ta ni kọ̀ǹpútà yìí ń lò?” Ìyá Agbẹ̀bí bèèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ tó la ẹnu nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bọ́ sójútáyé. “Tèmi ni,” obìnrin náà dáhùn. Ó ní láti ọdún méjì, bí òun bá ń wo eré, ọkọ òun á ní, ‘Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kàn yà kúrò lójú títì,’ yíyà náà a sì gba wákàtí kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kọ̀ǹpútà ti dákẹ́ yìí nìkan ni òun ti ń wo eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ìgbìmọ̀ mi orí, wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n kò tíì parí.

“Ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà,” ó sọ. “Ó tún ń bá ọkọ̀ tó ń kọjá jà. Kì í wọ bàtà mọ́ láàárọ̀. Mo fẹ́ràn eré mi, Baba, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ìyẹn.”

Mo gbé gègé sílẹ̀ díẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ gbá eruku tí kò sí lórí ṣòkòtò rẹ̀, ó wá sọ ohun tó dùn ún gan-an fún Baálẹ̀.

“Ọdún mọ́kànlélógójì, Baba. Táyà ti bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, afárá ti já lójú mi, mi ò fi ẹrù sílẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Ọkọ̀ mi wà ní agbedeméjì òkè yẹn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gíláàsì ilé ìwòsàn ló wà lórí rẹ̀. Òjò ń rọ̀.”

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé ilé ìwòsàn ọ̀hún kò kúkú sí níbì kankan.

“Ìwé ẹrù wà,” Jẹ́jẹ́ sọ. “Mo ti fọwọ́ sí i.”

Bàbá náà tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Baálẹ̀ wá ní kí wọ́n so kọ̀ǹpútà náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ààfin, kí òun fi ojú ara òun rí òkú. Káfíńtà dìde láti bá wọn so ó. Jẹ́jẹ́ ní kó má fọwọ́ kan nǹkan òun. Òun fúnra rẹ̀ mú wáyà, ó dúró síwájú kọ̀ǹpútà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀, ó ki wáyà kan síbí, ó ki èkejì sọ́hùn-ún, ó tẹ ibi títàn. Nǹkan náà ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tẹlifíṣọ̀n Baálẹ̀ dúdú kirikiri.

“Mo ti sọ,” Ẹnjiníà sọ.

Ìyá Agbẹ̀bí dìde. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí tó ṣí sílẹ̀ náà, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

“Kí ló ń yí lára káàdì yìí?”

“Fáànù rẹ̀ ni, Ìyá,” Ẹnjiníà dáhùn.

“Ó ń mí nìyẹn.”

“Ó ń mí, Ìyá, ṣùgbọ́n…”

“Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi gbẹ̀bí. Ohun tó ń mí kò kú. Bó bá ń mí tí kò sunkún, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bèèrè. Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?”

Gbogbo ilé wo Káfíńtà. Káfíńtà wo Jẹ́jẹ́.

“Èmi ni mo so wáyà lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́,” Káfíńtà sọ. “Ìgbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.”

Ìyá Agbẹ̀bí yí sí Jẹ́jẹ́. “Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣiṣẹ́ yẹn, tó o wakọ̀ tán, kí lo ṣe?”

“Ohun tí mo máa ń ṣe, Ìyá. Mo tú orí bátìrì.”

Kò yé ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé, ó sì ń mí kanlẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ní gbogbo ọdún tí Jẹ́jẹ́ fi wakọ̀, bó bá ti gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, á ṣí iwájú ọkọ̀, á tú wáyà orí bátìrì, kí olè má bàa gbé ọkọ̀, kí bátìrì má bàa kú. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà dé, bó ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń tú gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ pátá, ti iná, ti tẹlifíṣọ̀n. Ojoojúmọ́ ló ń so wọ́n padà.

“Láàárọ̀ ọjọ́ kejì,” Ìyá Agbẹ̀bí tún bèèrè, “níbo lo so ti tẹlifíṣọ̀n sí?”

“Síbi tó máa ń wà.”

“O wo ibẹ̀?”

“Ìyá, ọdún méjì. Ọwọ́ mi mọ ọ̀nà.”

Káfíńtà fi ọwọ́ lérí. “Jẹ́jẹ́,” ó sọ, ohùn rẹ̀ kéré. “Ihò àtijọ́ ni?”

Ìyá Agbẹ̀bí tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, Káfíńtà sì yí i padà. Lóòótọ́, wáyà tẹlifíṣọ̀n wà nínú ihò àtijọ́, tó jẹ́ ti bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ihò ti káàdì wà nísàlẹ̀, ó ṣófo, aṣọ pupa ń mì nínú àpótí bí ẹni tó ń pe èèyàn. Baálẹ̀ bi Ẹnjiníà bóyá ìyẹn já mọ́ nǹkan. Ẹnjiníà wúkọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí káàdì bá ti dé, bọ́ọ̀dù a máa fi iṣẹ́ àwòrán sílẹ̀ fún un, ihò tirẹ̀ a sì dákẹ́. Baálẹ̀ ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó lè rí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà láti ẹnu ọ̀nà.

Káfíńtà yọ wáyà náà, ó fi í bọ inú ihò káàdì. Tẹlifíṣọ̀n ta yẹ́ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, géèmù ṣí, a sì rí òkè ńlá kan, igi dúdú, títì tó ń dán, òjò tó ń kán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú tápólì lórí ẹrù rẹ̀. Èmi tí mo ń bú géèmù fún àwọn ọmọ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

Jẹ́jẹ́ ń wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í gan-an, ó sì hàn.

“Bí èèyàn bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran,” Ìyá Agbẹ̀bí sọ fún un, ó padà lọ jókòó.

Ẹnjiníà kò fẹ́ kí ọjọ́ náà bàjẹ́ fún òun pátápátá. Ó ní kí wọ́n rántí pé ọ̀nà kan péré ló wà nínú ihò yẹn o, káàdì náà kò lè sá gbogbo eré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ọ̀nà kan náà ni mo fi ọdún mọ́kànlélógójì wà lórí rẹ̀,” Jẹ́jẹ́ dáhùn. “Ta ló fẹ́ sáré?”

Baálẹ̀ àti Ìyá Agbẹ̀bí fi orí kan orí. Baálẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́tí kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó ṣe, ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun bá ṣe ń sọ ọ́.

“Káfíńtà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ayùn ṣe oríire lẹ́ẹ̀kan á fẹ́ tún un ṣe. Bí ayùn rẹ bá tún kan kọ̀ǹpútà kankan ládùúgbò yìí, irùngbọ̀n rẹ ni a ó fi ayùn náà fá.”

“Mo gbọ́, Baba.”

“Ìyàwó Jẹ́jẹ́, o parọ́ níwájú mi. Mi ò bá ọ wí púpọ̀, torí o kò parọ́ náà dé òpin. Láti ìrọ̀lẹ́, tìrẹ ni tẹlifíṣọ̀n. Bí ọkọ rẹ bá ní òun ń yà kúrò lójú títì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kó fi yà.”

“Ẹ ṣeun, Baba.”

“Ẹnjiníà. Ẹnu ọ̀nà lo dúró sí tó o fi pe òkú. Ẹni tí kò wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni yóò máa wò. Ìwọ lọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ títí ẹrù yìí yóò fi dé. Bó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, ìwọ ni wàá máa pè é bọ̀. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, gbé ọmọlanke, lọ gbé àga wá láti ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà.”

Ẹnjiníà fẹ́ sọ pé òun ní oníbàárà nílẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí wò ó lókè gíláàsì. Ó gbé ọmọlanke.

“Àga náà wà níwájú,” Káfíńtà pè é láti ẹ̀yìn. “Mo fi ọ̀rá bò ó. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí ẹ̀.”

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó dorí kodò.

“Ó kù ìwọ, Jẹ́jẹ́,” Baálẹ̀ sọ. “Kí ni aṣọ pupa wà fún?”

“Fún ohun tó bá yọ síta, Baba, kó má bàa ṣe ẹlòmíràn léṣe.”

“Káàdì yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ọwọ́ rẹ ló yọ síta. Ẹ tú aṣọ pupa yẹn kúrò nídìí káàdì, ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Kò gbọdọ̀ tú u títí ẹrù yóò fi dé ilé ìwòsàn. Káfíńtà ni yóò jókòó tì í. Ìjókòó yìí kò sì ní tú ká kí gíláàsì tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó ní kí awakọ̀ dúró.”

Mo bẹ Baálẹ̀ pé kó ro ti akọ̀wé. Ó ní kí n jókòó.

Àga dé. Káfíńtà ló so aṣọ pupa náà mọ́ Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ní ìdè awakọ̀, Jẹ́jẹ́ sì na ọwọ́ fún un. Jẹ́jẹ́ jókòó, ó tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nínú àga náà, ó tan iná ọkọ̀, a bá gbéra. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, òkè náà ga. Níbi kọ́ọ̀nù, gbogbo ìgbìmọ̀ ń tẹ̀ sápá òsì, wọ́n ń tẹ̀ sápá ọ̀tún. Baálẹ̀ bèèrè ibi tí fèrè ọkọ̀ wà, wọ́n jẹ́ kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a dúró nítorí èmi. Nígbà tí a ń sún mọ́ orí òkè, láìyí orí padà, Jẹ́jẹ́ sọ fún Káfíńtà pé títì náà ń yọ̀. Káfíńtà ní òun rí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyẹn fún wákàtí méjì, ó sì tó wọn.

A dé. Ilé ìwòsàn náà ní géètì tóóró. Ẹnjiníà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, gíláàsì méjèèjì lójú, ó ń fi ọwọ́ pè é: “Máa bọ̀, máa bọ̀, kán an sọ́tùn-ún, máa bọ̀, ó tó.” Wọ́n ka ẹrù lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹyọ gíláàsì kan kò fọ́. Ìyá Agbẹ̀bí pàtẹ́wọ́, àwọn ìgbìmọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ pa iná ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá dìde fúnra rẹ̀, ó na sẹ́yìn kọ̀ǹpútà láìwò. Aṣọ pupa mì lójú rẹ̀. Ó dá ọwọ́ náà dúró lófuurufú, ó fà á padà, ó gbé e lé orúnkún.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ó sọ, “bá mi tú orí bátìrì.”

Káfíńtà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó wo ihò náà dáadáa, ó sì tú u.